Àgbà tí Wọ́n Ṣì Ń Wá

Gbogbo ìgbà tí a bá ti dé orí ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń gbó, ọmọ kan á na ọwọ́ sókè: "Sà, ṣé òótọ́ ni pé ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín kì í tètè kú?" Ìlú Sókótó ni mo ti ń kọ́ wọn. Ọmọ Hausa ni o, ọmọ Yorùbá tí bàbá rẹ̀ ń ta táyà ni o, ìbéèrè kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n fẹ́ gbọ́, kò sì sí èyí tí mo lè fún wọn nínú méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó bí a ṣe ń ṣe ní kíláàsì. Ká wo ohun tí àwọn onímọ̀ rí, ká sì wo ibi tí ohun tí wọ́n rí ti lè tan èèyàn jẹ.

Fún ìgbà pípẹ́, ohun tó bàjẹ́ ni àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá gbájú mọ́: ìbànújẹ́, ìbẹ̀rù, ìdààmú. Ní ọdún 1998, Martin Seligman, tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà lọ́dún náà, ní kí wọ́n máa wo apá kejì pẹ̀lú: kí ló ń mú ọkàn èèyàn yá, kí ló ń mú kó rí ayé rẹ̀ bí ohun tó nítumọ̀? Kò pẹ́ tí àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ọjọ́ ogbó fi bá wọn dá sí i, nítorí àwọn náà ti rí i pé èèyàn méjì tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba, tí àìsàn wọn sì jọra, kì í gbó bákan náà.

Ìwádìí tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà ni ti àwọn sísítà ìjọ Kátólíìkì kan ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí àwọn 180 kan nínú wọn wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 22, wọ́n ní kí oníkálukú kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní ṣókí. Wọ́n kó ìwé náà pa mọ́. Nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà ni Deborah Danner, David Snowdon àti Wallace Friesen wá kó wọn jáde, wọ́n ń ka iye ọ̀rọ̀ ayọ̀, ọ̀rọ̀ ọpẹ́ àti ọ̀rọ̀ ìrètí tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2001. Bí a bá pín àwọn sísítà náà sí ọ̀nà mẹ́rin, àwọn tí ọ̀rọ̀ ayọ̀ pọ̀ jù nínú ìwé wọn fi nǹkan bí ọdún 7 sí 10 pẹ́ láyé ju àwọn tí tiwọn kéré jù lọ.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú pé sísítà ni wọ́n lò. Irú oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ, irú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, wọn kì í mu sìgá, kò sí èyí tó bímọ, irú ìtọ́jú kan náà ni wọ́n sì ń rí gbà. Bó bá jẹ́ àwọn ará ọjà ni a kó jọ, a ò ní mọ̀ bóyá owó ló mú ẹnì kan pẹ́ láyé tàbí ilé tó dára. Níbi tí gbogbo nǹkan yòókù bá ti dọ́gba, ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀ á hàn kedere.

Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn ni Becca Levy ti Yunifásítì Yale gbé tirẹ̀ jáde. Ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Oxford, ní ìpínlẹ̀ Ohio, wọ́n ti ń bi àwọn ẹni 50 ọdún sókè láti ọdún 1975 nípa ohun tí wọ́n rò nípa ogbó tiwọn fúnra wọn. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n bi wọ́n ni pé, ṣé wọ́n gbà pé bí èèyàn bá ṣe ń dàgbà ni ìwúlò rẹ̀ ń dín kù? Levy tẹ̀lé ìtàn èèyàn 660 nínú wọn. Àwọn tí èrò wọn nípa ogbó dára fi ọdún 7.5 pẹ́ láyé ju àwọn tí èrò wọn kò dára lọ, kódà lẹ́yìn tó ti yọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, owó, ìlera àti ìdánìkanwà kúrò nínú ìṣirò. Ẹ fi ìbéèrè ìwúlò yẹn sọ́kàn, nítorí òun ni mo fẹ́ padà sí.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Nígbà tí a bá rí ohun méjì tó jọ ń rìn, ìbéèrè tó kàn ni pé èwo ló ń fa èkejì. Ẹni tí orúnkún ń dùn, tí kò rí oorun sùn láti ìjẹta, inú rẹ̀ ò lè dùn. Bó bá wá kú ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣé ìbànújẹ́ ló pa á ni, àbí àìsàn tó ń bà á nínú jẹ́? Àwọn onímọ̀ kan, Bette Liu àti Richard Peto wà lára wọn, wádìí èyí lára àwọn obìnrin tó lé ní 700,000 ní Bìrìtéènì, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ bí 59. Wọ́n bi wọ́n bóyá inú wọn ń dùn, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ní ìṣirò àkọ́kọ́, àwọn tí inú wọn kò dùn ló ń kú jù. Nígbà tí wọ́n wá fi àìsàn tí obìnrin kọ̀ọ̀kan ti ní tẹ́lẹ̀ àti sìgá mímu sínú ìṣirò, ìyàtọ̀ náà pòórá. Ìwé ìròyìn Lancet ló tẹ èsì yẹn jáde ní ìparí ọdún 2015, ó sì dun ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ìwé "máa rẹ́rìn-ín kí o lè pẹ́ láyé."

Ìdí nìyí tí n kì í fi í sọ fún ọmọ kankan pé kó lọ sọ fún ìyá rẹ̀ àgbà tí ẹsẹ̀ ń ro pé kó máa rẹ́rìn-ín. Ìwà ìkà ni. Ẹ̀rín lásán kò wo àìsàn, àti pé bí a bá sọ pé ẹ̀rín ló ń woni sàn, ẹni tí kò sàn á rò pé ẹ̀bi òun ni.

Síbẹ̀, nǹkan kan ṣẹ́kù nínú gbogbo ìwádìí yìí tí kò pòórá. Ní ọdún 1997, Sheldon Cohen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn èèyàn 276 tí ara wọn dá jọ, wọ́n kán kòkòrò òtútù sí wọn nímú, wọ́n sì sé wọn mọ́ ibì kan láti wo ẹni tí ọ̀finkìn máa mú. (Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn èèyàn fínnúfíndọ̀ gbà á.) Wọ́n ti kọ́kọ́ ka oríṣi ipò tí oníkálukú wà láàárín àwọn èèyàn: ọkọ tàbí aya, òbí, ọmọ, aládùúgbò, òṣìṣẹ́, ọmọ ẹgbẹ́, ọmọ ìjọ. Kì í ṣe iye ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń kà, oríṣi ipò ni. Àwọn tó ní oríṣi mẹ́ta péré tàbí kò tó bẹ́ẹ̀ wà nínú ewu ọ̀finkìn ní ìlọ́po mẹ́rin ju àwọn tó ní mẹ́fà sókè. Gbogbo wọn ni wọ́n kán kòkòrò òtútù sí nímú, nítorí náà a ò lè sọ pé àwọn tó máa ń jáde ló ń kó o níta.

Báwo ni ipò tí èèyàn wà láàárín ẹgbẹ́ ṣe ń dé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀? Bí ọpọlọ bá fura sí ewu, á ránṣẹ́ sí ìṣù kékeré kan tó jókòó sórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan. Ìṣù náà á tú èròjà kan tó ń jẹ́ kọ́tísọ́ọ̀lù sínú ẹ̀jẹ̀. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á gòkè, ìfúnpá á gòkè, àwọn iṣẹ́ tí kò kánjú, bí àtúnṣe ara àti ìgbógunti kòkòrò, á rọra dúró ná. Ó dára bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ pé ajá ló ń lé èèyàn. Ṣùgbọ́n ìdánìkanwà, àìníyì àti ìrònú "kí ni mo tún wà fún?" náà wà lára ohun tí ọpọlọ ń kà sí ewu, wọn kì í sì í lọ bíi ti ajá. Jẹnẹrétọ̀ tí a ń tan fún wákàtí méjì lálẹ́ lè lo ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ ẹni. Èyí tí a kì í pa tọ̀sán-tòru, ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ á jó. Bí kọ́tísọ́ọ̀lù bá pẹ́ lára jù, ìfúnpá kì í wálẹ̀ mọ́, ọgbẹ́ kì í tètè jinná, ó sì lè pa apá tó ń ṣiṣẹ́ ìrántí nínú ọpọlọ lára.

Ohun kan máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu: wọ́n rò pé àgbà ni inú rẹ̀ máa ń bàjẹ́ jù. Laura Carstensen ti Yunifásítì Stanford ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fi hàn pé òdìkejì ló sábà máa ń rí. Nígbà tí èèyàn bá mọ̀ pé ọjọ́ tó kù kò tó èyí tó ti lọ, á jáwọ́ nínú ìjà tí kò nídìí, á sì máa yan àwọn tó fẹ́ bá jókòó. Ẹ wo bí ọmọ ogún ọdún ṣe ń fi oṣù mẹ́ta bínú sí ọ̀rẹ́, kí ẹ wo ìyá àgbà tó ní "ẹ jẹ́ kó lọ."

Ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́? Ní ọdún 2003 sí 2004, ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan lórí ogbó. Wọ́n lọ bá àwọn ẹni 65 ọdún sókè tó lé ní 2,100 nílé wọn, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, láti Èkó títí dé Kwara àti Kogi. Nígbà tí wọ́n wá ohun tó ń mú kí ìgbé ayé àgbà dára lójú ara rẹ̀, ìlera wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹbí ṣe ń dúró tì í àti bó ṣe ń kópa nínú nǹkan àdúgbò wà lára àwọn tó lágbára jù lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ ìkópa yẹn. Ẹni tí a ń gbé oúnjẹ lọ bá nínú yàrá kò tíì kópa nínú nǹkan kan.

Ìwádìí kan náà tún rí ohun tí a kì í fẹ́ gbọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbà, bí 7 ló ti ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le débi àìsàn láàárín oṣù méjìlá tó ṣáájú ìgbà tí wọ́n bi wọ́n. Bí 26 ló ti ní in rí láyé wọn. Ọdún 2007 ni Lancet tẹ̀ ẹ́ jáde. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi mọ́ pé àìsàn òyìnbó ni, pé àgbà Yorùbá tó wà láàárín ọmọ kì í rẹ̀wẹ̀sì. Èèyàn lè dá wà nínú agbo ilé tó kún.

Mo tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra lórí ìwádìí mìíràn tí a máa ń fi yangàn. Láti ọdún 1992 ni àwọn onímọ̀ Ìbàdàn, olóògbé ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun ló kọ́kọ́ ṣáájú wọn, ti ń fi àwọn àgbà Yorùbá ní Ìbàdàn wé àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ní ìlú Indianapolis. Èsì ọdún 2001 fi hàn pé àìsàn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ń mú 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún ní Ìbàdàn, 3.24 ní Indianapolis. Àwọn kan ní ilé tó kún fún ọmọ ló fà á. Ó dùn mọ́ni létí, ṣùgbọ́n oúnjẹ, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá pẹ̀lú yàtọ̀ láàárín ìlú méjèèjì. Ìwádìí yẹn kò wọn ayọ̀. Ẹ má jẹ́ ká fi ohun tí kò wọ̀n kún un.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Sókótó, àti sí ìbéèrè ìwúlò yẹn. Ìlú tí Muhammad Bello tẹ̀ dó ní ọdún 1809 yìí ti yanjú apá kan nínú ìṣòro tí à ń sọ kí ẹnikẹ́ni níbí tó gbọ́ orúkọ sàìkọ́lọ́jì. Nana Asma'u, ọmọ Shehu Usman dan Fodio, tí wọ́n bí ní ọdún 1793, jẹ́ ọ̀mọ̀wé tó ń kọ ewì ní èdè Lárúbáwá, Fúlàní àti Hausa. Ó dá ètò ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn obìnrin ìgbèríko, tí wọ́n ń pè ní Yan Taru. Ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ kò lè fi ilé sílẹ̀ rìnrìn àjò. Nítorí náà, àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì tó ilé ọkọ àti àwọn obìnrin tó ti kọjá ọjọ́ ìbímọ, láti nǹkan bí ọmọ ọdún 45 sókè, ni wọ́n ń rìn wá sí Sókótó lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Jàjí ló ń ṣáájú wọn, obìnrin tí Nana fúnra rẹ̀ fi jẹ oyè, tó dé fìlà koríko tí wọ́n ń pè ní málfà, tó fi aṣọ pupa wé e. Wọ́n á jókòó ti Nana, wọ́n á há ewì ẹ̀kọ́ náà sórí, wọ́n á sì gbé e padà lọ kọ́ àwọn tó wà nílé.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn pẹ̀lú ojú onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Obìnrin tí ìlú ì bá ti sọ fún pé iṣẹ́ rẹ̀ parí, nítorí kò bímọ mọ́, ni wọ́n fún ní iṣẹ́ tí ọ̀dọ́ kò lè ṣe. Ó ń fi ẹsẹ̀ rìn, èyí ń ṣe ọkàn àti iṣan láǹfààní. Ó ń kọ́ ohun tuntun sórí, èyí ń lo ọpọlọ. Ó ní ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń lọ. Lékè gbogbo rẹ̀, àwọn kan ń dúró dè é nílé pé kó bọ̀ wá kọ́ wọn. Nana kò dá a sílẹ̀ nítorí ìlera àgbà o. Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ló ń lé. Síbẹ̀, mi ò tíì rí ètò tó dára jù ú lọ nínú ìwé tuntun tí mo kà.

Kódà, wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà. Orúkọ ètò náà ni Experience Corps. Àwọn ẹni 60 ọdún sókè ló ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wákàtí 15 lọ́sẹ̀, láti ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ nínú ìwé kíkà. Ohun tó mú mi gba èsì rẹ̀ gbọ́ ju ti àwọn sísítà lọ ni pé ìbò ni wọ́n ṣẹ́ láti mọ ẹni tó máa lọ àti ẹni tí kò ní lọ, nítorí náà kì í ṣe àwọn tí ara wọn ti le tẹ́lẹ̀ nìkan ló lọ. Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ àwọn 111 kan nínú wọn fún ọdún méjì. Ọpọlọ máa ń sún kì díẹ̀díẹ̀ bí a ṣe ń dàgbà, ti àwọn tí kò lọ sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ti àwọn ọkùnrin tó lọ kò dín kù, àní apá tó ń ṣiṣẹ́ ìrántí tún tóbi sí i díẹ̀. Ti àwọn obìnrin kò hàn tó bẹ́ẹ̀. Wọn kò kọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn láti máa dunnú. Ọmọ ni wọ́n fún wọn láti kọ́.

Mo mọ ìyá kan láàárín àwọn Yorùbá tó wà níbí, nínú ẹgbẹ́ alásálátù. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n òun ló ń gba àjọ ẹgbẹ́. Á fi ìka pa owó kọ̀ọ̀kan wò, á fi rọ́bà dì í lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọmọbìnrin kan ló ń bá a kọ orúkọ. Bí ọmọ náà bá kọ orúkọ ẹni tí kò tíì san, ìyá á ní, "Rárá, ọmọ mi, ti oṣù tó lọ ló san, ó ku ti ìsinsìnyí." Wọ́n ti fẹ́ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ rí kí ó lè sinmi. Ó kọ̀. Mo rò pé ó tọ̀nà, mo sì rò pé àwọn tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Ọ̀rọ̀ ooru náà kò ṣeé fò ní ìlú yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún, ooru Sókótó ń kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí èèyàn bá ń dàgbà, òǹgbẹ kì í tètè gbẹ ẹ́ mọ́ bí omi ara rẹ̀ tilẹ̀ ti dín kù, òógùn rẹ̀ kì í sì í jáde bíi ti tẹ́lẹ̀. Àgbà tó dá wà nínú yàrá tí páànù rẹ̀ ti gbóná lè má mọ̀ pé omi ń tán lára òun. Ní oṣù keje ọdún 1995, ooru pa ju èèyàn 700 lọ ní ìlú Chicago, àgbà ló pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, àwọn tó ń dá gbé àti àwọn tí kì í jáde nílé ló wà nínú ewu jù. Àwọn tó ní ọ̀rẹ́ nínú ìlú yè jù. Ní àdúgbò mi, àwọn bàbá máa ń tẹ́ ẹní sábẹ́ igi dongoyaro láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, ìjókòó tí Hausa ń pè ní majalisa. Rédíò ń sọ̀rọ̀, ẹnì kan ń bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tí rédíò sọ, wọ́n sì ń rán ọmọdé lọ ra omi. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá dé lọ́jọ́ kan, wọ́n á ní kí ọmọ lọ wò ó nílé. Mo ti rí àwọn tó pè é ní ìmẹ́lẹ́. Mi ò bá wọn fohùn ṣọ̀kan.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé ìkópa nìkan tó. Àgbà tí kò rí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ gbà kò nílò kí a kọ́ ọ ní ọpẹ́ dídá. Owó rẹ̀ ló nílò. Ojú pẹ̀lú ń bẹ níbẹ̀. Ìwádìí ìfọ́jú tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú àwọn afọ́jú tó ti tó ẹni 40 ọdún sókè, bí 43 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ pé funfun tó ń bo inú ẹyinjú ló fọ́ wọn lójú, èyí tí iṣẹ́ abẹ kékeré lè tún ṣe nílé ìwòsàn. Ní ìhà àríwá níbí, àwọn kan ṣì ń gbé irú ojú bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ ti funfun náà sẹ́yìn, èyí tó sábà máa ń ba ojú náà jẹ́ pátápátá. Ẹni tí kò ríran mọ́ kì í lè kópa tó bó ṣe fẹ́, bó ti wù kí ọkàn rẹ̀ le tó.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ka ìwé yìí ní Sókótó ló fi òbí sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà tàbí Ìlọrin. Bí ẹ bá pè wọ́n lórí fóònù, ẹ má fi mọ sí "ṣé ara le?" Ẹ bi wọ́n ní ohun tí àwọn nìkan mọ̀, kí ẹ sì ṣe é gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ kí wọ́n lè rí i pé ọ̀rọ̀ wọn ṣiṣẹ́. Bí ìsinmi ọmọ bá dé, ẹ rán an lọ bá wọn pẹ̀lú ohun kan pàtó tí ẹ fẹ́ kó kọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ má gba iṣẹ́ tí wọ́n ṣì lè ṣe lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ẹ bá lọ sílé fún ọdún Iléyá, ẹ mú wọn lọ kí wọ́n yẹ ojú wọn àti ìfúnpá wọn wò kí ẹ tó padà.